Ojú Kan Ni Màmá Fi Wo Odò

Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì kúrò lójú ọ̀tún ìyá ìyàwó mi, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Mo dúró síwájú wọn, mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Màmá wò mí títí. Wọ́n tẹ orí sọ́tùn-ún, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sósì, wọ́n wá yíjú sí ọmọ wọn.

"Morẹ́nikẹ́, ta ni bàbá yìí?"

"Màámi, Bàbá Tófúnmi ni."

"Job tiwa? Ṣé báyìí ló ti gbó tó, tí ẹ kò sọ fún mi?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí àwọ̀ funfun kan ti bo ẹyinjú Màmá méjèèjì, tó fi jẹ́ pé òjìji lásán ni wọ́n ń rí. Ìyàwó mi ló lọ mú wọn wá láti Èkìtì sí ilé wa ní Dọ̀pẹ̀mú, kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún wọn. Ojú kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Dókítà ní ká mú ìkejì wá ní ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó kìlọ̀ fún wa gidi pé ká má fi falẹ̀ o, nítorí èyí tó kù ti le, bó bá tún pẹ́ sí i, apá lè má ká a mọ́.

Ojú kan yẹn ríran. Ó rí ilé aláǹtakùn ní àjà pálọ̀ wa. Ó rí ibi tí ògiri ti ya tí mo fi kàlẹ́ńdà ìjọ bò ó. Ó rí òkúta nínú ìrẹsì kí ìrẹsì tó dé orí iná, ó sì rí i pé ìbọ̀sẹ̀ tí mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Aláúsá kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Gbogbo ohun tí ìyàwó mi ti fi ìfẹ́ gbójú fò láti ọdún méjìlélógún, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ojú kan Màmá fi tú u síta.

A rò pé wọn á máa kánjú dé ọ̀dọ̀ dókítà fún ìkejì ni. Àfi bí wọ́n ṣe pè wá jókòó láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré sí ọjọ́bọ̀ yẹn, tí wọ́n ní tó bá di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, àwọn ń lọ sí ulé. Màmá kì í pe ilé ní ilé. Ulé ni wọ́n ń pè é, bí gbogbo ará Èkìtì tí Èkó kò tíì fọ lẹ́nu.

"Màámi, ojú kejì ńkọ́?" ni Morẹ́nikẹ́ bi wọ́n.

"Mo ti dúpẹ́."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé eléyìí. Ìjọ Aládùúrà ni wá, a sì mọ ìdúpẹ́ í ṣe. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ọjọ́ tí ojú ọ̀tún ṣí, Màmá wọ sùtánà funfun, wọ́n gbé àbẹ́là dání, wọ́n dúró níwájú ìjọ, wọ́n jẹ́rìí pé Olúwa ti la ojú àwọn. Wọ́n jó dé ibi pẹpẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Orin tán lẹ́nu àwọn akọrin, Màmá ò tíì jó tán. Wòlíì fúnra wọn ló wá rọra di apá wọn mú, tó mú wọn padà síbi ìjókòó.

"Mo dúpẹ́ ojú," ni Màmá wí. "N kò sọ pé mo dúpẹ́ ààbọ̀ ojú. Bí mo bá tún lọ na ojú sílẹ̀ fún dókítà, kí ni n ó sọ fún Ọlọ́un? Pé mo ti jó tán kí n tó rántí pé ọ̀kan ṣì kù? Ijó yẹn di irọ́ nìyẹn. Èmi ò lè fi ẹsẹ̀ àgbà purọ́ fún Ọlọ́un."

Mo ní, "Màmá, Ọlọ́run mọ̀ pé méjì ni."

"Ó mọ̀. Àwọn akọrin ńkọ́?" Wọ́n fi ọwọ́ nu etí tábìlì, wọ́n wo eruku tó wà níka wọn, wọ́n sì fi hàn mí. "Àti pé kí lẹ fẹ́ kí n fi ojú kejì wò? Gọ́tà? Àbí iléeṣẹ́ tó ń tu èéfín? Gbogbo ohun tó wà l'Ékòó, ojú kan ti tó o. Ó tiẹ̀ tún ṣẹ́kù."

Ìyàwó mi kò sunkún. Ó wọ kíṣìnì lọ, ó fọ ìkòkò tó mọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì tún un fọ̀. Mo mọ ohun tó ń rò. Bí Màmá bá fi lè dé Èkìtì, kò sẹ́ni tó máa rí wọn mú padà wá. Ọjọ́ tí ojú òsì bá wá kú, Morẹ́nikẹ́ ò ní í dárí ji ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní í dárí ji èmi náà.

Sàláwù, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi ní ọ́fíìsì, ló fún mi nímọ̀ràn. "Ọ̀gá Job, ohun tó dára ni Màmá ò tíì rí. Ẹ gbé wọn lọ sí abúlé wa."

"Abúlé yín, níbo?"

"Ìdí-Ìyeyè. Ẹ kàn máa kọjá Ìṣẹrí díẹ̀ ni, etí odò gan-an. Ọ̀gá, omi ibẹ̀ dà bíi dígí. Ẹ máa rí ẹja tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà nísàlẹ̀. Igi ìyeyè kan wà láàárín abúlé, ogún èèyàn lè jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ẹ béèrè Ìyá Màrdíyyàh, àǹtí mi ni. Ẹ ò tiẹ̀ ní béèrè, ó máa ti rí yín lókèèrè. Ojú ìyá yẹn, àṣá ò rí tó o."

Mi ò bi í pé ìgbà wo ló débẹ̀ kẹ́yìn. Èmi tí mo jìnnà sílé lónìí, ní ìlú òyìnbó, ló yẹ kí n mọ ìdí tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ilé ni mo wà.

Mo ròyìn odò náà àti ẹja oníjà yẹn fún Màmá, wọ́n sì gbà láti lọ wò ó. Ní Sátidé, a kó sínú mọ́tò: èmi àti Morẹ́nikẹ́ níwájú, Màmá àti Tófúnmi, ọmọ wa obìnrin tó wà ní yunifásítì, lẹ́yìn. Ìyàwó mi se ìrẹsì sínú kúlà, ó di ẹyin, ó di ẹní, ó tún di ẹní kejì bí èkíní bá tutù. Títí dòní, níbi òtútù tí mo wà yìí, mo lè wa mọ́tò yẹn láìla ojú: òórùn bisikíìtì tó ń jáde láti iléeṣẹ́ kan n'Íkẹjà, àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ tó ń darí bọ̀ wálé, búrẹ́dì gbígbóná lábẹ́ abíyá, àti obìnrin tó máa ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì.

Gbogbo ọ̀nà ni Màmá ń béèrè ohun tí wọ́n kọ sára ògiri.

"Kí ni wọ́n kọ sára ilé yẹn?"

"Màmá, wọ́n ní ilé náà kì í ṣe títà," ni Tófúnmi dáhùn.

"Ta ló bi wọ́n?"

A ò tíì rìn jìnnà. "Òmíràn rè é. Òun náà ńkọ́?"

"Wọ́n ní òun náà kì í ṣe títà."

Nígbà tí a fi kọjá Aláúsá, Màmá ti ka méje. Wọ́n ní irú ìlú wo lèyí, tí èèyàn á jí láàárọ̀ láti sọ ohun tẹ́nikẹ́ni ò béèrè.

A dé Ìdí-Ìyeyè ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Abúlé náà dára, kí n má purọ́. Àwọn ilé kéékèèké tò lẹ́sẹẹsẹ sétí odò. Ọkọ̀ ojú omi kan dojú bolẹ̀ níwájú ilé kọ̀ọ̀kan bíi bàtà tí onílé bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n sá àwọ̀n sórí ọgbà, èéfín ẹja ń rọra gòkè, ewúrẹ́ kan sì sùn sínú ọkọ̀ bí ẹni tó ti sanwó.

Màmá sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ bo iwájú orí, wọ́n wò lọ, wọ́n wò bọ̀.

"Odò náà dà?"

Mo nàka. "Òun nìyẹn, Màmá."

"Èyí? Oko ẹ̀fọ́ ni mò ń wò yìí."

Òtítọ́ ni. Òjúoró ti bo odò láti ibí dé òdìkejì, ewé tútù yọ̀yọ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé omi wà lábẹ́ rẹ̀. Lódìkejì, ẹ̀rọ kan tó ń fa yanrìn ń ké bí ẹni tí wọ́n ń yọ léyín. Morẹ́nikẹ́ wò mí. Èmi náà wo ewúrẹ́.

"Wọ́n gbin ín dáadáa," ni Màmá wí. "Èwo ni èyí tí ẹja ti ń bá ìyàwó rẹ̀ jà níbẹ̀?"

Ohùn kan ló gbà mí lábẹ́ búkà tó wà létí omi. "Ẹ káàbọ̀ o. Èèyàn mẹ́rin ni yín. Ẹni tó wọ bàtà gíga yẹn, kó bọ́ ọ, yanrìn ibí ò mọ ọmọ olówó."

Tófúnmi yára bọ́ bàtà. Ìyá arúgbó kan jókòó sídìí àtẹ ẹja yíyan, ó gbé ojú sí wa gangan. Inú mi dùn pé Sàláwù sọ òótọ́ kan. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Sàláwù ló rán wa sí Ìyá Màrdíyyàh."

"Èmi ni. Sàláwù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi? Ó ṣì ń jẹun? Ọdún kọkànlá rèé tó ti ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Màmá ti kọjá sídìí àtẹ. Àwọn méjèèjì fa ọ̀rọ̀ ẹja débi pé oòrùn kúrò níbi tó wà.

"Ẹja yín yìí rù."

"Kò rù. Ó gbààwẹ̀ ni."

"Orí rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ."

"Ẹja tó gbọ́n ni, mà. Ẹ jẹ ẹ́, ọgbọ́n á kún tiyín."

Mi ò tíì rí ẹni tó dá Màmá lóhùn báyẹn rí. Wọ́n ra mẹ́ta, inú wọn sì dùn. Ìyá Màrdíyyàh dìde, ó ní òun fúnra òun ló máa mú àlejò Sàláwù yí abúlé ká. Ó ń rìn lọ níwájú wa láìkọsẹ̀, ó ń fi ọ̀pá kékeré kan nàka.

"Mọ́ṣáláṣí wa nìyẹn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kùn ún ní àwọ̀ ewé, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí."

A wo mọ́ṣáláṣí. Funfun ni, ó funfun bí ẹyin.

Mo rò pé mo ṣì í gbọ́ ni. A tún rìn díẹ̀, ó dúró láàárín gbangba kan tí oòrùn ń sè bí omi ẹ̀bà.

"Igi ìyeyè wa rè é. Lára rẹ̀ la ti gba orúkọ. Ẹ bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ gba atẹ́gùn."

Igi kankan ò sí níbẹ̀. Kùkùté kan ló wà. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ojú ìyá náà dáadáa, tí mo rí àwọ̀ funfun lórí ẹyinjú méjèèjì. Ìró ẹsẹ̀ ló fi kà wá. Ìró ló fi mọ bàtà Tófúnmi.

Morẹ́nikẹ́ náà ti rí i. Ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ pé kí n má sọ̀rọ̀. Báwo lèèyàn ṣe máa sọ ọ́? A bọ́ sábẹ́ igi tí kò sí, a dúró sínú oòrùn, òógùn ń ṣàn sí wa lẹ́yìn.

"Ẹ ṣé, mà," ni ìyàwó mi wí. "Òjìji yìí mà tutù o."

"Atẹ́gùn ibí dáa gan-an, mà," ni Tófúnmi wí, ó sì ń fi ọwọ́ nu ọrùn.

"Òjìji wo?" ni Màmá wí.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ kí ni? Òjìji wo ló wà níbí? Kùkùté ni mò ń wò. Wọ́n ti gé e tipẹ́, olú ti hù lára rẹ̀."

Ìyá Màrdíyyàh na ọwọ́ síwájú, atẹ́gùn ló dì mú. Ó rìn síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan kùkùté. Ọkùnrin kan tó ń tún àwọ̀n ṣe nítòsí, Abdulqoyum, ọmọ rẹ̀, ti dìde.

"Ta ló gé e?" ni ìyá náà bi í.

"Ìyá, ìjì ló wó o. Ìyókù la gé. A ní ká má bà yín lọ́kàn jẹ́ ni."

"Ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́ta."

"Ọdún mẹ́ta. Gbogbo Jímọ̀ ni mò ń dúró kí igi yìí."

"Àwa náà máa ń bá yín kí i, Ìyá."

"Abájọ tí oòrùn fi ń pa mí níbí. Mo ṣebí ayé ló ń gbóná sí i." Ó yíjú sápá ibi tí Màmá wà. "Ìwọ tó ń sòótọ́. Mọ́ṣáláṣí ńkọ́?"

"Funfun ni," ni Màmá wí, tayọ̀tayọ̀. "Ó sì mọ́."

Mo rò pé ìyá náà á bínú sí wa ni. Ẹ̀rín ló bú sí, ó sì rín in títí tó fi jókòó sórí kùkùté náà. Màmá lọ jókòó tì í. Wọ́n gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú, wọ́n yí i sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo iṣu lọ́jà.

"Hẹ́n-ẹ̀n. Bí tèmi ṣe rí nìyí. Ìyá ẹlẹ́ja, wọ́n ń ṣí i o."

"Wọ́n ń ṣí kí ni?"

Ni Màmá bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní kò dunni rárá, bí ìgbà tí èèyàn yọ ìdọ̀tí kúrò lójú ọmọdé ni. Wọ́n ní èèyàn á jókòó, dókítà á bá a ṣeré, kó tó mọ̀, ó ti tán. Wọ́n ní àwọ̀ pupa tún padà di pupa. Wọ́n ní àwọn ti rí òkúta nínú ìrẹsì, àwọn ti rí ọkọ ọmọ àwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn ò dáa tó bí àwọn ṣe rò. Wọ́n ní arìndìn nìkan ló máa gbọ́ irú nǹkan báyìí tí á jókòó sínú òkùnkùn.

Ìyá Màrdíyyàh gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀?"

"Ó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ ṣe méjèèjì nìyẹn."

Màmá wúkọ́. "Ọ̀kan ni."

"Ọ̀kan. Ohun tí kò dunni, tó dáa tó báyìí, ẹ ṣe ọ̀kan, ẹ wá fi ìkejì sílẹ̀. Ìyá, èmi náà ń tajà o. Bí mo bá ń yin ẹja tí èmi fúnra mi ò lè jẹ, oníbàárà á mọ̀."

Morẹ́nikẹ́ di ọwọ́ mi mú, ó fún un débi pé òrùka rẹ̀ wọ̀ mí lára. Màmá wo ilẹ̀. Wọ́n wá fi ohùn kékeré ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́: sùtánà, àbẹ́là, ijó ẹ̀ẹ̀mẹta, àwọn akọrin.

"Ìdí tí ẹ ò fi padà lọ nìyẹn?" ni Ìyá Màrdíyyàh bi wọ́n.

"Ẹni tó ti dúpẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ dúró ná. Ẹnì kan ra ẹja kan lọ́wọ́ mi. Ó ní, 'Ìyá, ẹ ṣé, ó dùn.' Ṣé n ó wá ní kó má padà wá ra òmíràn mọ́, nítorí pé ó ti dúpẹ́? Ẹni yẹn gan-an ni mò ń tọ́jú èyí tó sanra dè. Ẹni tó jẹ ẹ́ tí kò dúpẹ́ ni mò ń bá jà. Àbí ẹ̀yin ará Èkìtì kì í sọ ọ́ pé ọmọ tó dúpẹ́ oore àná á rí òmíràn gbà ni?"

Màmá ò fèsì. Èmi ti gbé ọdún méjìlélógún pẹ̀lú ọmọ wọn, mo sì mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn: èèyàn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. A tẹ́ ẹní, a jẹ ìrẹsì, a fi ẹja tó gbààwẹ̀ jẹ ẹ́. Ìyá Màrdíyyàh bi Abdulqoyum léèrè gbogbo nǹkan tó tún ti yípadà ní abúlé, ìyẹn sì ń dá a lóhùn bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ká mọ́ orí ìwà burúkú.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ìyá náà ní kí ọmọ rẹ̀ fi odò han àlejò. Abdulqoyum kó sínú ọkọ̀, ó fi ọ̀pá ti òjúoró sápá kan, ó ti ìyókù sápá kejì. Omi yọ láàárín, ó dúdú, ó sì mọ́, ojú ọ̀run wà nínú rẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ sétí rẹ̀. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, wọ́n wò ó. Wọ́n wá fi bo ti ọ̀tún, wọ́n tún wò ó pẹ̀lú èyí tí kò ríran. Wọ́n pẹ́ nídìí ìyẹn. Ewé ti ń padà pa mọ́ra wọn kí wọ́n tó dìde.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Berger kí wọ́n tó lanu.

"Job, èèyàn mélòó ni ẹ̀yìn mọ́tò yìí gbà?"

"Mẹ́ta, Màmá."

"Ó tó. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ tètè jí. Ẹ ó kọ́kọ́ lọ mú ìyá ẹlẹ́ja yẹn wá. Mo ti ń sọ ọ́ fún yín pé kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ ojú falẹ̀."

Ìyàwó mi yíjú sójú fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún, mi ò sì béèrè.

Lọ́jọ́bọ̀ náà, láti Ìdí-Ìyeyè títí dé ọsibítù, àwọn ìyá méjèèjì ń du àgbà lẹ́yìn mọ́tò. Màmá ní ọjọ́ tí òkùnkùn ṣú lọ́sàn-án gangan láyé àtijọ́, àwọn ti ń pọn omi. Ìyá Màrdíyyàh ní òun ló sọ fún àwọn tó ń pọn omi pé kí wọ́n máa lọ sílé. Màmá ní àwọn ti lọ́kọ kí òmìnira tó dé. Ìyá Màrdíyyàh ní òun ti kọ ọkọ. Wọn ò tíì parí rẹ̀ nígbà tí a jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá àyẹ̀wò.

Nọ́ọ̀sì yọjú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí Màmá tó dàgbà jù kọ́kọ́ wọlé."

Àwọn ìyá méjèèjì nàka síra wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyí," ni Màmá wí.

"Ẹ má dá wọn lóhùn," ni Ìyá Màrdíyyàh wí. "Wọ́n jù mí lọ dáadáa. Ẹ gbọ́ ohùn wọn."

Nọ́ọ̀sì wò mí, mo wo Morẹ́nikẹ́. Nígbẹ̀yìn, Màmá dìde, wọ́n so ìró wọn le, wọ́n gbé báàgì lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì fa ìyá ẹlẹ́ja dìde pẹ̀lú ọwọ́ kan. Nọ́ọ̀sì ní rárá o, àga kan ṣoṣo ló wà nínú lọ́hùn-ún.

Màmá ní kó lọ wá ìkejì.